Bọ́tìnì Apá Ọ̀tún

Fọ́tò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹjọ́ ọdún méjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Agbẹjọ́rò ilé ìtẹ̀wé ló fà á yọ nínú kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé e fún adájọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rọ ìgéwèé ló wà nínú fọ́tò ọ̀hún, ẹ̀jẹ̀ ṣì tutù lórí tábìlì rẹ̀. Bọ́tìnì méjì ló wà níwájú ẹ̀rọ náà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, abẹ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ àfi bí ọwọ́ méjèèjì ẹni tó ń lò ó bá tẹ bọ́tìnì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ kankan má baà sí lábẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò yìí, ẹnì kan ti ká páálí pọ̀, ó ti kì í bọ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì kan kí ó lè wà ní títẹ̀ láì sí ọwọ́ lórí rẹ̀.

Agbẹjọ́rò náà ní obìnrin tó pẹjọ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di bọ́tìnì, nítorí kí iṣẹ́ lè yá. Ó fi ọwọ́ kan tẹ ẹ̀rọ, ó ń fi èkejì fa ìwé, ni abẹ bá gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kí ló kan ilé-iṣẹ́ nínú ìyẹn? Adájọ́ wo fọ́tò náà títí, ó bínú díẹ̀ pé wọ́n fi pamọ́ di ọjọ́ tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó ní òun fún obìnrin náà di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti fèsì. Bí èsì kò bá sí, òun máa pa ìwé ẹjọ́ dé.

Ẹni tó máa fèsì ni agbẹjọ́rò obìnrin kan tí gbogbo kóòtù mọ̀ sí Jẹ́-n-dán-an-wò. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń gba ẹjọ́ àwọn tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀ lé lórí láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó pa onítọ̀hún lára. Ó ti ru bíríkì gun àkàbà pẹ̀lú bàtà kóòtù lẹ́sẹ̀. Ó ti fọ abọ́ wákàtí mẹ́jọ nínú ilé ìdáná tó gbóná janjan. Àwọn agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ àwọn tó ti bá a kojú rí kì í pẹ́ nínú ẹ̀rín náà.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ilé ìlagi ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ sì gé e lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọ̀gá ilé ìlagi ní ó sùn lọ ni. Kò sẹ́ni tó lọ dúró síbi tí ó dúró sí láti wò ó bóyá ènìyàn lè sùn níbẹ̀. Bàbá náà kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun sùn lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dun ọmọ rẹ̀ di òní.

* * *

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé àwọn atúnbàtàṣe. Ó gbé fọ́tò síwájú, ó gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Sájẹ́ǹtì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí ìwé. Ọdún mẹ́jọ ni Sájẹ́ǹtì ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì, òun ló ń bá agbẹjọ́rò náà tọpa ọ̀rọ̀.

Sájẹ́ǹtì ní ó dá òun lójú pé ọjọ́ mìíràn ni wọ́n ya fọ́tò náà. Agbẹjọ́rò mi orí. Ó tọ́ka sí aago ara ògiri tó wà nínú fọ́tò: aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Ìwé dókítà sì sọ pé aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n gbé obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀dà, wọ́n kò sì lè rí irú ẹ̀ fi ṣeré lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ náà gan-an ni.

"Páálí wà níbẹ̀ nígbà yẹn nìyẹn," Sájẹ́ǹtì wí.

"Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó fi síbẹ̀ ni mo ń wá."

Wọ́n pe obìnrin náà wọlé láti yàrá ìdúró. Agéwèé ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń gé etí ìwé kó lè dọ́gba lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ó fi gèlè kékeré wé ọwọ́ òsì, ó sì jókòó sí etí àga, kò fẹ̀yìn tì í. Agbẹjọ́rò tún bi í pé kí ló rántí. Kò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: máníjà ń pariwo pé oníbàárà ń dúró, òun gbé ìwé sórí tábìlì, lẹ́yìn náà àjà ilé ìwòsàn. Dókítà ti ní ìpayà lè pa ìrántí rẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má padà mọ́.

"Mà, ó lè jẹ́ èmi ni," obìnrin náà wí wẹ́rẹ́. "Nígbà tí mo rí fọ́tò yẹn láàárọ̀, àyà mi já. Gbogbo wa la máa ń di bọ́tìnì tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń rò ó. Ọmọ mi ti ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé màmá òun kánjú ni."

"Ṣé o fẹ́ ká fi ẹjọ́ sílẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ sọ fún mi. Ẹ má torí àánú bá mi parọ́."

Agbẹjọ́rò wo ojú rẹ̀. Ó ti gba ẹjọ́ fún àwọn tó parọ́, ó ti gba ẹjọ́ fún àwọn tó sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ èyí tí òun jẹ́ nínú méjèèjì ṣọ̀wọ́n. Ó ní, "Àbúrò mi, tó bá jẹ́ ìwọ ni, èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún ọ kí adájọ́ tó sọ ọ́." Ó sì mọ̀ ọ́n lọ́kàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni òun sọ yẹn.

* * *

Ẹnì kan wà tí Sájẹ́ǹtì ti fura sí tipẹ́, ìyẹn obìnrin tó ń to ìwé nítòsí ẹ̀rọ náà, nítorí òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìgéwèé fún ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìjàǹbá. Ó ti kúrò níbẹ̀ báyìí, ó ń bá wọn ta ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n bá a lórí ìdúró, ó ń to lẹ́ẹ̀dì sínú páálí.

Sájẹ́ǹtì kò dẹwọ́ fún un rárá. Ó bi í pé àbí iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín kíkorò, ó ní oṣù mẹ́ta péré ni òun lè ṣe é. Ní gbogbo ìgbà tí abẹ yẹn bá ń bọ̀, ara òun á bù máṣọ. Ìyẹn gan-an lòun ṣe kúrò. Nípa ti ọjọ́ ìjàǹbá, ó ní òun ti lọ mú ìwé ìdìpọ̀ wá ní ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí òun padà dé, wọ́n ti gbé ọ̀rẹ́ òun lọ, máníjà sì ti ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ pa. Máníjà náà àti Bàbá Sípánà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nìkan ló wà nínú yàrá náà.

Agbẹjọ́rò sún mọ́ obìnrin náà. Ó bi í wẹ́rẹ́ pé tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí wọ́n bá fẹ́ di bọ́tìnì, báwo ni wọ́n ṣe ń dì í.

"Páálí la máa ń ká, mà. A ó kì í bọ ti òsì."

"Kí ló dé tó jẹ́ ti òsì?"

Obìnrin náà wò ó pẹ̀lú ìyanu. "Ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń tẹ ẹ̀rọ, mà. Ti òsì lẹ fi ń fa ìwé. Ọwọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú sílẹ̀, bọ́tìnì tiẹ̀ lẹ máa dì. Kò sẹ́ni tó ń di ti ọ̀tún níbẹ̀."

Agbẹjọ́rò fa fọ́tò yọ nínú báàgì. Páálí náà wà lápá ọ̀tún.

Wọn kò tíì dé ibi mọ́tò tí Sájẹ́ǹtì fi ní ìdáhùn. Ó ní wọ́n yí fọ́tò náà padà nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde ni, bí ojú ènìyàn ṣe ń yí padà nínú dígí. Agbẹjọ́rò gbé gíláàsì lé e nínú oòrùn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà ṣeé kà dáadáa, nọ́ńbà ara aago náà wà létòlétò. Fọ́tò kò yí padà. Sájẹ́ǹtì ní ó ṣeé ṣe kí àṣà ti agéwèé tiwọn yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ìyẹn náà ṣeé ṣe. Agbẹjọ́rò wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ n dán an wò ná."

* * *

Ọdún kan gbáko ni ilé ìtẹ̀wé fi sọ pé kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ ti sọnù, pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, pé ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn rìnrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí agbẹjọ́rò wọlé, àṣẹ náà sì ń parí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n dé. Máníjà pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin sísanra tí lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi.

"Ẹ kú ìrìn, Lọ́yà. Ṣé ẹ wá gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni?"

"Tẹ́ ẹ bá ń gbani, sà."

Ó bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ó fi í kọ́ ìṣó, ó wọ épírọ́ọ̀nù àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní kí wọ́n yọ iná ẹ̀rọ lára ògiri, kí wọ́n sì fi irin dè é kí abẹ má lè mira. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó to ìwé, ó tì í wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́tìnì, ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó fa ìwé, ó tún to òmíràn. Máníjà ń bá fóònù rẹ̀ rẹ́rìn-ín nídìí ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣe é dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá, èjìká ń ro ó. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, ó ti mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń di bọ́tìnì, kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ó ká páálí, ó kì í bọ ti òsì bí obìnrin yẹn ṣe wí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ abẹ́ abẹ wẹ́rẹ́. Ó yọ páálí, ó kì í bọ ti ọ̀tún gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fọ́tò. Ó tún fẹ́ ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di òmìnira, ṣùgbọ́n kí abẹ tó lè sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí bọ́tìnì òsì. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ níbi tó wà. 

Ó ti ń gbọ́ ohun tí agbẹjọ́rò kejì máa sọ: agéwèé lè na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà láti tẹ bọ́tìnì òsì. Nítorí náà ó na án. Bọ́tìnì méjèèjì jìnnà síra, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó débẹ̀, ara rẹ̀ ti lọ́, èjìká òsì ti lọ sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ń ta félefèle, kò sì dé abẹ́ abẹ. Ó sì ga ju agéwèé lọ. Ó ṣẹ́jú sí Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì fa téèpù yọ, ó wọ̀n ọ́n. Ó ṣẹ́ kù ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Máníjà bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe.

"Ẹ̀yìn ló ń ro mí, sà. Àgbà ti ń dé." Ó sì fi ọwọ́ di ìbàdí kí ó lè gbà á gbọ́.

Ó rìn yí ẹ̀rọ náà ká bí ẹni ń na ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, àlàfo tóóró kan wà, ó ń rùn fún gíríìsì, àpótí ìjókòó kan wà níbẹ̀, àti ife tíì, àti sípánà tí wọ́n fi kọ́ ìṣó láti kékeré dé ńlá. Máníjà ní ibẹ̀ ni ilé Bàbá Sípánà. Ó ní ọdún méjìlélógún ló ti wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn, kì í fẹ́ yọjú síwájú. Agbẹjọ́rò jókòó sórí àpótí náà. Ó wo bọ́tìnì tó ní páálí. Láti ibi tó jókòó sí, apá òsì rẹ̀ ló wà. Nítòsí orúnkún rẹ̀ ni ìdérí irin kan wà, nọ́ọ̀tù gbogbo ara ẹ̀rọ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n mẹ́rin tó di ìdérí yìí mú ń dán yanran.

"Nígbà wo lẹ ṣí ibí gbẹ̀yìn, sà?"

"Ibẹ̀ yẹn? A ò ṣí i rí."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó ká a dáadáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú mọ́tò ni Sájẹ́ǹtì ti ní ó yẹ kí òun ti rí i tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fi páálí síbẹ̀ mọ̀ pé ti òsì ló yẹ kí òun dì, ṣùgbọ́n òsì tirẹ̀ ló dì. Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló ti wá. Agbẹjọ́rò ní inú òun kò tíì dùn, nítorí ọwọ́ òun lè fi hàn pé páálí náà parọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó mú kí abẹ já. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ ìyẹn.

* * *

Bàbá Sípánà jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó ń tú fáànù ìyàwó rẹ̀ palẹ̀. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gíríìsì kò kúrò nínú èékánná rẹ̀ mọ́. Nígbà tó rí agbẹjọ́rò, ó gbé nọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga jáde fún àlejò, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì padà wọlé.

Agbẹjọ́rò kò fi ẹ̀sùn kàn án. Ó bi í léèrè nípa fáànù, ó bi í léèrè nípa ọdún méjìlélógún. Lẹ́yìn náà ó gbé fọ́tò lé àga tó wà láàárín wọn. Ọkùnrin náà wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó tọ́ka sí bọ́tìnì tó ní páálí, ó wá tọ́ka sí èkejì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú.

"Bàbá," agbẹjọ́rò wí, "mo jókòó sórí àpótí yín lónìí."

Bàbá Sípánà ká ọwọ́ rẹ̀ padà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò dúró mọ́. Bíréèkì abẹ ti jẹ. Abẹ á sọ̀kalẹ̀, á gòkè, lẹ́yìn náà á tún dá já lẹ́ẹ̀kejì láì sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ajé ni òun sọ fún máníjà, máníjà ní kí wọ́n parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ná. Ọjọ́bọ̀ ló gé obìnrin náà. Wọn ò tíì gbé e jìnnà tí máníjà fi ní kí òun di bọ́tìnì òsì, kí òun sì pààrọ̀ bíréèkì lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ ò lọ síwájú ni?"

"Mi ò lè lọ síwájú," ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wà níwájú. Mo gba ẹ̀gbẹ́ apá òsì mi, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo na ọwọ́, mo kì í bọ̀ ọ́. Mi ò rò ó."

Agbẹjọ́rò fa ìwé ìpè kóòtù yọ, ó gbé e lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kàn án. Ó ní oṣù mẹ́rìnlá ló kù kí òun fẹ̀yìn tì, pé ilé tí wọ́n jókòó sí yìí, ilé-iṣẹ́ ló ni ín. Agbẹjọ́rò ní òun mọ̀. Ó ní òun kò lè ṣèlérí pé wọn ò ní lé e, òun kò sì ní díbọ́n bí ẹni pé òun lè ṣe é.

"Ṣùgbọ́n bàbá mi kú pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀," ó wí. "Ẹni tó mọ òótọ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sọ̀rọ̀. Mo ṣì ń bínú sí i, Bàbá, mi ò sì mọ orúkọ ẹ̀. Ọmọ yẹn ń rò pé òun lòun gé ọwọ́ ara òun."

Ọkùnrin náà wo fáànù rẹ̀.  Nígbà tí agbẹjọ́rò fi máa lọ, ìwé náà ṣì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

* * *

Ní aago méje òwúrọ̀, Sájẹ́ǹtì ti lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Sípánà. Ilé wà ní títì. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, mọ́tò ilé ìtẹ̀wé dúró níwájú kóòtù, máníjà sọ̀ kalẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Sípánà sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú aṣọ ìjáde lọ́rùn. Wọ́n jókòó pọ̀ ní ìlà kan. Bàbá Sípánà kò wo ọ̀dọ̀ agéwèé rárá.

"Wọ́n ti gbà á," Sájẹ́ǹtì sọ ọ́ sí agbẹjọ́rò létí. "Tẹ́ ẹ bá pè é, ó máa bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká fi ti páálí nìkan ṣe é."

Agbẹjọ́rò dìde. Ó pe máníjà sórí pèpéle ẹlẹ́rìí, ó gbé ìwé ńlá méjì lé tábìlì síwájú rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, bí téèpù Sájẹ́ǹtì ṣe wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́. Ó ní kí ó ka ìwé méjèèjì sí bọ́tìnì.

"Nínú fọ́tò yín, sà, èwo ni páálí dì?"

"Ti ọ̀tún."

"Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò, páálí ń bá yín tẹ̀ ẹ́. Kí abẹ tó lè wá, ọwọ́ wo ló gbọ́dọ̀ wà lórí èkejì?"

Máníjà wo tábìlì. "Ti òsì."

"Ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má gbé e. Ọwọ́ wo ni abẹ gé, sà?"

 Ọwọ́ òsì máníjà ṣì wà lórí ìwé, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Agbẹjọ́rò rẹ̀ dìde, ó ní obìnrin náà lè na ọwọ́ kejì. Jẹ́-n-dán-an-wò ní kí máníjà nà án. Ó nà án, ó lọ́, ikùn rẹ̀ gun tábìlì, àwọn ènìyàn ẹ̀yìn sì rẹ́rìn-ín títí adájọ́ fi kan tábìlì.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kejì kì í ṣe òpè. Ó ní ó dára, ẹ jẹ́ ká ní páálí kọ́ ló fà á. Ta ló wá sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́? Ìwé wo ló wà? Ẹlẹ́rìí wo ló rí i? Adájọ́ wo ọ̀dọ̀ Jẹ́-n-dán-an-wò, ó ń retí. Sájẹ́ǹtì ń mi orí sí i lábẹ́lẹ̀. Agbẹjọ́rò mọ̀ pé bí arúgbó yẹn bá bá àwọn tó gbé e wá sọ̀rọ̀, ohun tí òun ṣe láàárọ̀ yìí á ti bàjẹ́. Ó tún mọ̀ pé bí òun kò bá pè é, agéwèé máa relé pẹ̀lú àbọ̀ ìdáhùn, kò sì ní mọ̀ láéláé. Ó ní òun ń pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Bàbá Sípánà dìde láàárín wọn. Máníjà fi ọwọ́ kàn án lápá, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó gun pèpéle, ó búra, ó sì di irin etí pèpéle náà mú.

"Bàbá," agbẹjọ́rò wí, "ta ló fi páálí síbẹ̀?"

Arúgbó náà tẹ orí ba. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni."

Agbẹjọ́rò ilé ìtẹ̀wé ti wà lórí ìdúró, ó ń tako ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n arúgbó náà kò dúró dè é. Ó sọ nípa bíréèkì. Ó sọ nípa ọjọ́ Ajé, ó sọ nípa Ọjọ́bọ̀. Ó sọ ẹni tó rán òun ní iṣẹ́ náà, ó sì pè é ní oyè rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀, bírò rẹ̀ kò dúró.

Ìgbà yẹn ni agéwèé dìde. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde, òfin kóòtù kò sì gbà á. Sájẹ́ǹtì fà á láṣọ, kò jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó sọ fún adájọ́, "ẹ ní kí wọ́n tún un sọ."

Agbẹjọ́rò ilé ìtẹ̀wé tako ìyẹn náà. Adájọ́ gbé bírò kalẹ̀, ó ní kí agbẹjọ́rò náà jókòó. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ẹlẹ́rìí pé kí ó tún un sọ, ó sì lè yíjú sí ẹni tó béèrè.

Bàbá Sípánà yíjú sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méjì tó máa wo ojú rẹ̀.

"Ìwọ kọ́, ọmọ mi," ó wí. "O ò di nǹkan kan. Ẹ̀rọ ló dá já lé ọ lọ́wọ́, mo sì ti mọ̀ pé ó máa já. Èmi ni mo fi páálí síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọ lọ."

 Agéwèé tú gèlè kékeré náà kúrò lára ọwọ́ rẹ̀, ó fi nu ojú, kò sì wé e padà.

"Mo ti gbọ́, sà," ó wí, ó sì jókòó.

Ìbéèrè mọ́kànlá ló ṣì wà nínú ìwé agbẹjọ́rò. Ó pa ìwé náà dé, ó ní òun kò ní ìbéèrè mọ́.